Fọ́nrán Inú Ara: Àwọn Ìbéèrè tí Wọ́n Máa Ń Bi Wá, àti Ìdáhùn Wọn

Ní kíláàsì ọjọ́ Sátidé tí à ń ṣe fún àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ní Yáàbá, ìbéèrè kan náà ló ń padà wá lọ́dọọdún. Àwọn òbí tó wá mú ọmọ wọn náà máa ń dá wa dúró lẹ́nu ọ̀nà, pàápàá àwọn tó ní ọmọ SS, ìyẹn ọmọ tó ní àrùn sickle cell, nílé. Mo kó àwọn ìbéèrè náà jọ síbí. Físíìsì ni mo kọ́ kí n tó máa bá àwọn onímọ̀ ẹ̀jẹ̀ ṣiṣẹ́, nítorí náà ẹ ó rí i pé mo máa ń pẹ́ níbi ọ̀rọ̀ bí nǹkan ṣe ń tẹ̀, bó ṣe ń fà, àti bó ṣe ń rìn.

Kí ni fọ́nrán inú ara gan-an?

Ara ẹ̀dá kún fún purotéènì. Púpọ̀ nínú wọn dá wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ tó tú sínú igbá. Àmọ́ àwọn kan máa ń so kọ́ ara wọn, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, títí wọn ó fi di okùn tẹ́ẹ́rẹ́. Okùn yẹn ni fọ́nrán.

Òwú tí a fi ń ránṣọ ní ẹni tó ran án. Fọ́nrán inú ara kò ní. Ìrísí ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń sọ ibi tí yóò ti lẹ̀ mọ́ èkejì. Ara sì lè tú àwọn kan nínú okùn wọ̀nyí palẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, kó fi ìlẹ̀kẹ̀ kan náà kọ́ òmíràn síbi tó bá ti nílò rẹ̀.

Ṣé a lè fojú lásán rí i?

Rárá. Irun orí kan nípọn tó nǹkan bíi nanomítà 70,000 (mílíọ̀nù kan nanomítà ló wà nínú mìlímítà kan). Fọ́nrán áktíìnì kan kò ju nanomítà 7 lọ. Ẹ ní láti to 10,000 áktíìnì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí wọ́n tó fẹ̀ tó irun kan ṣoṣo.

Ọ̀nà méjì ni a sábà máa ń gbà rí wọn. Èkíní ni kí a so purotéènì tó ń tàn mọ́ wọn, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ rí lára ẹ̀dá inú òkun kan tó máa ń tàn yòò. Ẹ̀bùn Nobel ti kẹ́mísìrì ní 2008 lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà. Èkejì ni kí a mú omi tí fọ́nrán wà nínú rẹ̀ dì lójijì, tó fi jẹ́ pé omi náà kò ráyè di yìnyín oníhóró, kí a wá fi ẹ̀rọ tó ń lo ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù dípò ìmọ́lẹ̀ wò ó. Jacques Dubochet, Joachim Frank àti Richard Henderson gba Nobel lórí èyí ní 2017.

Oríṣi mélòó ló wà?

Mẹ́ta ni àwọn gbòógì tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì wa. Áktíìnì ló tín-ín-rín jù. Maikirotúbù ló sanra jù, nanomítà 25, inú rẹ̀ sì ṣófo bí igi ewé ìbẹ́pẹ tí àwọn ọmọdé máa ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí; ìlà 13 ló sábà máa ń para pọ̀ di ògiri rẹ̀. Ẹ̀kẹta wà láàárín méjèèjì, nǹkan bíi nanomítà 10, kẹ́rátììnì sì wà lára wọn.

Àwọn mìíràn wà lóde sẹ́ẹ̀lì: kọ́lájìn tó ń mú kí awọ ara yi, àti fáíbírììnì tó ń di ojú ọgbẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tó dá. Àwọn kan sì wà tí kò yẹ kí wọ́n hù rárá. Mo máa dé orí ìyẹn.

Ṣé irun orí mi náà jẹ́ fọ́nrán?

Fọ́nrán tó ti gbẹ tó sì wọ́ pọ̀ ni. Kẹ́rátììnì ni, tí ìdè sọ́fọ̀ dè pọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́. Relaxer ń já àwọn ìdè wọ̀nyẹn, ìdí nìyẹn tí irun fi ń nà tí kì í padà ká mọ́. Èyí tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ hù láti ìdí yóò ká bíi ti tẹ́lẹ̀, torí relaxer kò dé ibi tí orí ti ń ṣe é.

Kóòmù gbígbóná kì í já ìdè sọ́fọ̀. Ìdè tí kò lágbára, tí omi nìkan lè tú, ló ń tún tò. Òjò Èkó kan péré, ó ti parí.

Ẹ máa ń sọ pé nǹkan ń rìn lórí fọ́nrán. Kí ló ń rìn?

Ẹ wo alábàárù ní ọjà Òyìngbò: ẹrù lórí, ẹsẹ̀ méjì nílẹ̀, ó ń wá àyè láàárín èrò. Purotéènì kan wà tí wọ́n ń pè ní kinesin tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ó ní ẹsẹ̀ méjì tó ń gbé lọ́kọ̀ọ̀kan lórí maikirotúbù, ó sì ní ìrù tó fi di ẹrù mú. Ìṣísẹ̀ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ nanomítà 8, èyí tó bá gígùn ìlẹ̀kẹ̀ kan lára ọ̀nà náà mu. ATP kan, tí í ṣe owó tí sẹ́ẹ̀lì ń ná, ló ń lọ fún ìṣísẹ̀ kan. Ó lè gbé ẹsẹ̀ tó ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ọ̀nà náà ní orí, ó ní ìdí. Púpọ̀ nínú kinesin ń kọrí sí apá kan, dynein, alábàárù mìíràn, sì ń rìn lọ sí apá kejì, nítorí náà àlọ àti àbọ̀ ní ẹni tirẹ̀. Ronald Vale, Thomas Reese àti Michael Sheetz ló ṣàwárí kinesin ní 1985, nígbà tí wọ́n ń wo ohun tó ń lọ tó ń bọ̀ nínú iṣan ìmọ̀lára squid, ẹ̀dá inú òkun kan.

Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí a nílò alábàárù, ṣé ẹrù kò lè léfòó dé ibi tó ń lọ ni? Nínú sẹ́ẹ̀lì kékeré, ó lè ṣe é. Àmọ́ iṣan ìmọ̀lára tó ti ẹ̀yìn àgbàlagbà lọ dé ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn tó mítà kan. Bí a bá fi ẹrù sílẹ̀ kó máa rá káàkiri fúnra rẹ̀, ó máa ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ kó tó débẹ̀. Alábàárù tó yára jù lè gbé e dé láàárín ọjọ́ mẹ́ta.

Iṣan apá mi ńkọ́? Ṣé fọ́nrán ibẹ̀ ń kúrú nígbà tí mo bá gbé nǹkan?

Bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò ó nìyẹn títí di 1954. Lọ́dún náà, Andrew Huxley pẹ̀lú Rolf Niedergerke, àti Hugh Huxley pẹ̀lú Jean Hanson, sọ ohun kan náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọn Huxley méjèèjì kì í ṣe ẹbí. Ohun tí wọ́n sọ ni pé fọ́nrán kì í kúrú. Wọ́n ń wọnú ara wọn ni. Ẹ na ìka ọwọ́ yín méjèèjì, kí ẹ ti ti ọ̀tún bọ àárín ti òsì. Kò sí ìka tó kúrú, síbẹ̀ ọwọ́ méjèèjì ti súnmọ́ra.

Myosin, purotéènì mìíràn nínú iṣan, ló ń fa áktíìnì wọlé, ó ń dì í mú, ó ń tẹ̀, ó sì ń jù ú sílẹ̀. ATP ló ń jẹ́ kó lè jù ú sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí òkú fi máa ń gan lẹ́yìn wákàtí díẹ̀: ATP ti tán, myosin ti di áktíìnì mú, kò sì sí ohun tí yóò tú u.

Kí ló dé tí maikirotúbù fi máa ń wó lójijì?

Tim Mitchison àti Marc Kirschner ló kéde èyí ní 1984, ó sì ya ọ̀pọ̀ onímọ̀ lẹ́nu. Maikirotúbù kan á máa dàgbà jẹ́jẹ́, lẹ́yìn náà láìròtẹ́lẹ̀ á wó, nígbà tí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú omi kan náà ṣì ń dàgbà. Ìlẹ̀kẹ̀ tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ló ń ṣe bí ìdérí lórí rẹ̀. Bí ìdérí bá ti ṣí, ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlá á ya síta, á ká bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a bó.

Ó lè jọ ìnáwó òfò, àmọ́ ẹ wo apẹja ní Mákòókò. Bó bá ju àwọ̀n tí kò mú ẹja, á fà á padà, á tún un jù síbòmíràn. Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá fẹ́ pín sí méjì, ó ní láti wá gbogbo ẹrù àjogúnbá rẹ̀ rí nínú òkùnkùn, kó sì di ọ̀kọ̀ọ̀kan mú. Maikirotúbù tó bá kan nǹkan á dúró. Èyí tí kò kan nǹkan á wó, òmíràn á jáde sí apá ibòmíràn.

Ṣé òótọ́ ni pé irun wà nínú ẹ̀dọ̀fóró wa?

Ó wà lójú ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ inú rẹ̀. Kì í ṣe irun kẹ́rátììnì, maikirotúbù ló wà nínú rẹ̀: mẹ́sàn-án oníméjì-méjì yípo, méjì láàárín. Dynein ló ń mú kí wọ́n máa jù fìrìfìrì ju ìgbà mẹ́wàá lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, wọ́n sì ń gbá kẹ̀lẹ̀bẹ̀ àti eruku lọ sókè sí ọ̀nà ọ̀fun. Èéfín ń ba iṣẹ́ wọn jẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe gbé jẹnẹrétọ̀ sí ẹnu fèrèsé yàrá tí ọmọ ń sùn sí.

Ní 1976, Björn Afzelius fi hàn pé àwọn kan wà tí a bí láìní apá dynein yìí. Ikọ́ àti kẹ̀lẹ̀bẹ̀ kì í kúrò lára wọn, àtọ̀ àwọn ọkùnrin tó wò nínú wọn kò lè lúwẹ̀ẹ́, ọkàn àwọn kan sì wà ní apá ọ̀tún, torí irú irun báyìí ló ń sọ fún ọlẹ̀ inú ibi tí òsì wà.

Ṣé bí ẹja ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ ni àtọ̀ àti kòkòrò àìfojúrí náà ń lúwẹ̀ẹ́?

Rárá o. Ẹja lè ju ìrù lẹ́ẹ̀kan, kó máa yọ̀ lọ. Fún ohun tó kéré tó kòkòrò àìfojúrí, omi ki bí ẹni pé a ju ènìyàn sínú kòtò oyin. Edward Purcell, onífísíìsì Amẹ́ríkà, ṣe ìṣirò rẹ̀ nínú àsọyé kan ní 1976: bí kòkòrò náà bá dẹ́kun títi ara rẹ̀, ibi tí yóò yọ̀ dé kò tó ìbú átọ́ọ̀mù kan.

Ohun mìíràn tó fi hàn ni pé bí o bá tẹ̀ síwájú tí o sì padà sẹ́yìn lójú ọ̀nà kan náà, ibi tí o wà ni wàá wà, bó ti wù kí ọ̀kan yára ju èkejì lọ. Ìdí nìyẹn tí àtọ̀ fi ń rán ìgbì gba inú ìrù rẹ̀ lọ, tí ọ̀pọ̀ kòkòrò àìfojúrí sì ń yí ìrù tiwọn bí ẹni ń yí síkúrù. Fọ́nrán méjèèjì kò jọ ara wọn rárá, ìṣòro kan náà ni wọ́n yanjú.

Ṣé oògùn kankan wà tó ń bá fọ́nrán jà?

Ó ṣeé ṣe kí ẹ ti lo ọ̀kan. Albendazole tí wọ́n ń fún àwọn ọmọ iléèwé nítorí aràn, maikirotúbù aràn ló ń dà rú. Ìlẹ̀kẹ̀ tiwọn yàtọ̀ díẹ̀ sí tiwa, ìdí nìyẹn tó fi ń pa wọ́n tí kì í pa ọmọ. Griseofulvin tí a ń lò fún làpálàpá náà, maikirotúbù olú tó wà lára awọ ló ń dojú kọ.

Fún jẹjẹrẹ, vincristine ń dí maikirotúbù lọ́wọ́ kó má lè hù, paclitaxel ń dì í mú kó má lè wó. Ọ̀nà méjì tó lòdì síra ni, síbẹ̀ sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ kò ní lè pín nínú méjèèjì. Inú òdòdó Madagascar, Catharanthus roseus, olómi àlùkò tàbí funfun tí ẹ ń rí níwájú ọ̀pọ̀ ilé ní Súrùlérè, ni vincristine ti wá. Ẹ má ṣe sè é mu o! Oró ni, ilé ìwòsàn ń wọn tiwọn kíún-kíún. Bí ẹni tó ń gba oògùn wọ̀nyí bá sọ pé ìka ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ń kú òun, ẹ gbà á gbọ́, kí ẹ sì sọ fún dókítà. Ọ̀nà alábàárù inú iṣan tó gùn jù ló ń bàjẹ́.

Ọmọ mi ní SS. Kí ni fọ́nrán ní í ṣe pẹ̀lú ìrora rẹ̀?

Fọ́nrán ni ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Nínú sẹ́ẹ̀lì pupa kọ̀ọ̀kan, hemoglobin, purotéènì tó ń gbé ọ́síjìn, tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 270 ló wà níbẹ̀, wọ́n sì yẹ kí wọ́n máa yọ̀ láàárín ara wọn. Hemoglobin ní ẹ̀wọ̀n kan tó ní ojúlé 146, amino acid kan (èròjà tí a fi ń kọ́ purotéènì) ló sì wà ní ojúlé kọ̀ọ̀kan. Nínú SS, ojúlé kẹfà nìkan ló yí padà: valine wà níbi tó yẹ kí glutamic acid wà. Valine kì í fẹ́ràn omi, ibi ìsápamọ́ ló ń wá. Nígbà tí hemoglobin bá ti fi ọ́síjìn sílẹ̀, ìrísí rẹ̀ yí padà, ihò kékeré kan á sì wà lára rẹ̀ tí valine ti ẹnìkejì lè kó sí.

Bí wọ́n ṣe ń so kọ́ra nìyẹn. Okùn 14 ló ń lọ́ mọ́ra di fọ́nrán kan tó nípọn tó nanomítà 21, tó sì le. Ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ á ti sẹ́ẹ̀lì láti inú títí yóò fi rí bíi dòjé. Sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kó rọ̀ kó lè gba ojú ẹ̀jẹ̀ tóóró kọjá, ó ti le, ó ti há. Egungun tí ẹ̀jẹ̀ kò dé ni ọmọ ń sunkún rẹ̀. Àwọn àgbà tó pe àrùn yìí ní fòníkúfọ̀ladìde ti kíyè sí i dáadáa: bí sẹ́ẹ̀lì bá tún gba ọ́síjìn ní ẹ̀dọ̀fóró, fọ́nrán á yọ́, sẹ́ẹ̀lì á sì padà sí ìrísí rẹ̀, àfi tó bá ti yí padà léraléra tí ara rẹ̀ kò gbà á mọ́.

Kí ló dé tí dókítà fi ń tẹnu mọ́ omi mímu?

Ìbéèrè tí mo fẹ́ràn jù nìyí, torí físíìsì ló dá a lóhùn. Lẹ́yìn tí ọ́síjìn bá ti lọ, fọ́nrán kì í hù lójú ẹsẹ̀. Ó ń dúró ná, torí pé àwọn ìlẹ̀kẹ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́ ni wọ́n ṣòro jù láti kó jọ. Bí fọ́nrán kan bá ti hù, òmíràn á máa yọ láti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ á sì kún bìrí. Sẹ́ẹ̀lì pupa kì í pẹ́ nínú ojú ẹ̀jẹ̀ tóóró. Bó bá kọjá kí àkókò ìdúró náà tó pé, ó bọ́ nìyẹn.

James Hofrichter, Philip Ross àti William Eaton wọn àkókò ìdúró yìí ní 1974. Wọ́n rí i pé bí hemoglobin bá fi díẹ̀ ki sí i, àkókò náà kì í fi díẹ̀ kúrú. Ó ń já lulẹ̀ ní ìlọ́po púpọ̀. Ọmọ tí omi ti gbẹ lára rẹ̀, hemoglobin inú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ti ki. Ó lè jẹ́ ibà, èébì, tàbí wákàtí méjì nínú gósílóò nínú oòrùn láti Ọjọ́ta sí CMS láìsí omi lọ́wọ́. Ẹ fi ike omi sínú báàgì iléèwé rẹ̀, kí ẹ sì bá tíṣà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kó lè máa jáde lọ tọ̀ láìtọrọ gáfárà. Bí ìrora bá ti dé, omi nìkan kò tó, ilé ìwòsàn ni.

Ohun kan náà ló dáhùn ìbéèrè àwọn ìyá tó ní, "Ara ọmọ mi le koko kó tó pé oṣù mẹ́fà, kí ló wá ṣẹlẹ̀?" Hemoglobin ọlẹ̀ tí a bí i mọ́ kì í wọnú fọ́nrán, ó sì ń dí àwọn tó kù lọ́wọ́. Bó ṣe ń dín kù ni ìdúró ń kúrú. Hydroxyurea, oògùn kan, ń jẹ́ kí ara tún máa ṣe é. Ẹ lè bèèrè nípa rẹ̀ ní LUTH ní Ìdí-Àrábà, tàbí ní ibùdó sickle cell tó kọjú sí i.

AS ni mí. Ṣé fọ́nrán ń hù nínú ẹ̀jẹ̀ mi?

Kò wọ́pọ̀. Hemoglobin A tó pọ̀ ju S lọ nínú sẹ́ẹ̀lì yín ń mú kí ìdúró gùn débi pé sẹ́ẹ̀lì á ti kọjá tipẹ́. Àìsàn kọ́ ni AS. Ìgbéyàwó ni ọ̀rọ̀ wà: bí AS bá fẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan nínú mẹ́rin jẹ́ SS. Ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí ọkàn tó fà sí ibẹ̀ jù.

Kí ni onífísíìsì ń wá níbi iṣẹ́ dókítà?

James Herrick, dókítà ní Chicago, ló kọ́kọ́ kọ̀wé nípa sẹ́ẹ̀lì tó rí bíi dòjé, ní 1910. Kò mọ ohun tó fà á. Linus Pauling, onímọ̀ kẹ́mísìrì, pẹ̀lú àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ fi iná mànàmáná fà á ní 1949, wọ́n sì rí i pé hemoglobin náà fúnra rẹ̀ ló yàtọ̀. Vernon Ingram rí ojúlé tó yí padà láàárín 1956 sí 1957. Àwọn tó fi aago wọn ìdúró rẹ̀ tẹ̀ lé wọn. Ẹ yọ ọ̀kan nínú wọn kúrò, ìtàn náà á já.

Àwa máa ń béèrè bí nǹkan ṣe le tó. DNA kì í lè dúró ṣánṣán kọjá nǹkan bíi nanomítà 50 kí ìgbóná ara tó tẹ̀ ẹ́. Áktíìnì lè gùn tó ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá nanomítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Maikirotúbù máa ń wọ mìlímítà. Èkíní dà bí òwú, èkejì bí igi ìgbálẹ̀, ẹ̀kẹta bí ọ̀pá irin. Bí o kò bá mọ èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ, o kò lè mọ ohun tó lè tì.

Ṣé a lè ṣe irú ìwádìí yìí ní Èkó?

Apá kan, bẹ́ẹ̀ ni. Ìrísí purotéènì tí wọ́n ti rí wà nínú Protein Data Bank lọ́fẹ̀ẹ́, ètò kọ̀ǹpútà bíi GROMACS àti Cytosim náà lọ́fẹ̀ẹ́, laptop tó dára sì tó láti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó bá fẹ́ ẹ, kó má ṣe sá fún ìṣirò nítorí pé ó fẹ́ báyọ́lọ́jì. Kó mú físíìsì àti ìṣirò mọ́ ọn ní WAEC.

Iṣẹ́ orí tábìlì ló nira. Ẹ̀jẹ̀ àti purotéènì fẹ́ fírísà tó tutù débi ìwọ̀n 80 lábẹ́ òdo, tí kò gbọ́dọ̀ sinmi. Ní ibi kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, iná lọ lóru ọjọ́ Jímọ̀, jẹnẹrétọ̀ kò sì jí. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni a ṣílẹ̀kùn. Ìkójọ oṣù mẹ́jọ ti yọ́, tí àwọn òbí ti fọwọ́ sí pé kí a gbà lára ọmọ wọn. Omi bọ́ lójú mi lọ́jọ́ náà nítorí àwọn òbí yẹn.

Bí a bá ti mọ ìrísí fọ́nrán, ṣé kò parí síbẹ̀?

Kò parí. Kọ̀ǹpútà ti lè sọ ìrísí ọ̀pọ̀lọpọ̀ purotéènì láti inú bí amino acid rẹ̀ ṣe tò tẹ̀ lé ara wọn. Nobel ti kẹ́mísìrì ní 2024 wà lórí ìyẹn àti lórí ṣíṣe purotéènì tuntun. Àmọ́ ìrísí ìlẹ̀kẹ̀ kan kò sọ bí okùn yóò ṣe pẹ́ tó kó tó hù, iye tó lè fà, tàbí ohun tí yóò ṣe nígbà tí ẹgbẹ̀rún rẹ̀ bá wà nínú yàrá kan.

Ẹ wo voxelotor, oògùn kan tí wọ́n ṣe fún SS. Ó ń mú kí hemoglobin di ọ́síjìn mú, kí fọ́nrán má lè hù. Lórí ìwé, ó tọ́. Wọ́n fọwọ́ sí i ní Amẹ́ríkà ní 2019, iye ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ń lò ó sì gòkè lóòótọ́. Ní oṣù Kẹsàn-án 2024, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é kó o kúrò lọ́jà káàkiri àgbáyé, torí pé ẹ̀rí tó dé ọwọ́ wọn fi hàn pé àǹfààní rẹ̀ kò borí ewu rẹ̀ mọ́. Ọ́síjìn tí hemoglobin kọ̀ láti fi sílẹ̀, ara kò rí i lò. Ògiri ojú ẹ̀jẹ̀ náà ti lẹ̀, sẹ́ẹ̀lì funfun náà ń lẹ̀ mọ́ ọn, fọ́nrán nìkan kọ́ ló sì ń ṣe gbogbo rẹ̀. Ibi tí àwọn onífísíìsì, onímọ̀ ẹ̀jẹ̀ àti dókítà ọmọdé tún ti jókòó ti ara wọn báyìí nìyẹn.